Ààtàn Àwọn Tó Gbẹ́ Erédò

Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sínú yàrà Erédò, òkè ni ojú rẹ̀ á máa lọ. Ògiri ilẹ̀ pupa ga gbọnrangandan lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ewé wẹ́wẹ́ tútù ti hù bò ó, gbòǹgbò igi ń rọ̀ wálẹ̀ lára rẹ̀, ẹ̀ka igi sì ti pàdé lókè débi pé oòrùn ọ̀sán gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó mítà 20. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 160 yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Àwọn àlejò á lanu, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin tí ìtàn ní òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n á sì wọkọ̀ padà sí Èkó.

Èmi náà ṣì máa ń lanu bí mo bá débẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, iṣẹ́ ìwalẹ̀pìtàn ni mo kọ́, Erédò sì wà lára ohun tó jẹ́ kí n kọ́ ọ. Àmọ́ bí mo ṣe ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ni ọkàn mi ń kúrò lórí ògiri, tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó gbẹ́ ẹ. Níbo ni wọ́n ń sùn? Kí ni wọ́n jẹ kí wọ́n tó gbé ọkọ́ láàárọ̀? Ta ló rọ ọkọ́ náà, ta ló hun agbọ̀n tí wọ́n fi ń ru erùpẹ̀ gòkè? Èèyàn kì í gbẹ́ irú ilẹ̀ yìí lọ́jọ́ kan kó padà sílé ọba lọ sùn. Wọ́n nílé, wọ́n lóko, wọ́n níyàwó, wọ́n bímọ. Wọ́n ní ààtàn lẹ́yìnkùlé, ààtàn yẹn sì ni mò ń wá.

Àwọn òyìnbó Potogí ti gbúròó yàrà Ìjẹ̀bú tipẹ́. Duarte Pacheco Pereira, tó kọ ìwé rẹ̀ láàárín 1505 sí 1508, dárúkọ ìlú ńlá kan tó pè ní Geebu, ó ní yàrà ńlá yí i ká. Ohun tó tún sọ kò dùn ún gbọ́: pé wọ́n ń ta ẹrú níbẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ onídẹ 12 sí 15 fún ẹnì kan, pẹ̀lú eyín erin díẹ̀díẹ̀. Ní 1959 ni onímọ̀ kan, Peter Lloyd, kọ àpilẹ̀kọ nípa Erédò. Patrick Darling, tóun náà jẹ́ awalẹ̀pìtàn, tún wá wọ̀n ọ́n káàkiri inú igbó láwọn ọdún 1990, ìròyìn rẹ̀ sì kárí ayé ní 1999. Ìṣirò rẹ̀ ni pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó níbẹ̀ tó mítà kúbíìkì mílíọ̀nù 3.5. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn gbé ìyẹn, wọ́n fi wé píramídì àwọn ọba Íjíbítì, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ Ayaba Ṣébà lé e, torí àwọn kan gbà pé òun náà ni Bílíkísù Súngbọ́.

Mi ò ní bá ará Òkè-Èrì, ìlú tí ojúbọ Súngbọ́ wà, jà lórí rẹ̀. Mùsùlùmí, Kristẹni àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ló ń lọ síbi ojúbọ rẹ̀ lọ gbàdúrà, ìtàn obìnrin olówó tí kò bímọ, tó sì ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà kí wọ́n lè máa rántí òun, jẹ́ ìtàn tó yẹ ká tọ́jú. Ṣùgbọ́n ìgbà Ayaba Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọjọ́ orí Erédò kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń fi í sí nǹkan bí ọdún 800 sí 1000. Iṣẹ́ tuntun tí Gérard Chouin àti Olanrewaju Lasisi ṣe wá fi í sí òpin ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìyẹn ni pé nígbà tí Pacheco Pereira fi ń kọ̀wé, yàrà náà kò tíì pé igba ọdún.

Ohun kan wà tí wọn kì í tẹnu mọ́ tó: Erédò kò yí ìlú kan ṣoṣo ká. Ìjẹ̀bú-Òde ní odi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi tí Erédò yí ká tó nǹkan bí kìlómítà 40 láti àríwá dé gúúsù, ó sì tó bíi 35 láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni oko, igbó, odò, àbàtà àti abúlé kéékèèké. Ta ni ẹ rò pé ó gbẹ́ ẹ, ta sì ni ẹ rò pé wọ́n gbẹ́ ẹ nítorí rẹ̀? Títí dòní, tí ọdún Agẹmọ bá tó, àwọn ìlú tó wà káàkiri ni Agẹmọ Mẹ́rìndínlógún, ìyẹn àwọn olórí awo òrìṣà Agẹmọ, ti ń gbéra, Tami láti Odògbolú, Sẹrẹfúsì láti Ìgbilẹ̀, kí wọ́n tó forí lé Ìjẹ̀bú-Òde. Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀ mọ̀ pé agbára òun wà lábúlé. Àwa tó ń kọ ìtàn rẹ̀ ni ojú wa kì í kúrò láàfin.

Ahoro kì í ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ilé amọ̀ tí wọ́n fi ewé gbòdògì bò, tí òrùlé rẹ̀ bá ti wó, òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í na ògiri, láàárín ọdún mélòó kan ògiri á di òkìtì kékeré, òkìtì á di ilẹ̀ títẹ́jú, igbó á sì gbà á. Igi ló máa ń tú àṣírí. Pèrègún tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láàárín igbó kò ṣàdédé hù síbẹ̀, èèyàn ló fi ṣọgbà tàbí ló fi sojú ibi tí wọ́n ti ń bọ nǹkan. Igi ọdán ńlá sọ pé ọjà wà níbẹ̀ rí, tàbí ibi tí àwọn àgbà ti ń jókòó gba atẹ́gùn. Akòko, obì, orógbó, ọ̀pẹ tó pọ̀ lójú kan ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọdẹ ló mọ ibi tí wọ́n wà ju gbogbo máàpù lọ. Bàbá ọdẹ kan ló mú wa dé èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Mi ò ní dárúkọ abúlé tó wà nítòsí rẹ̀, nítorí àwọn tó ń wá ohun àtijọ́ tí wọ́n á tà máa ń ka irú nǹkan báyìí.

A kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀, a mú ọtí àti obì dání, a sì fi ìwé àṣẹ hàn án. Láti 1979 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa ilẹ̀ fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Baálẹ̀ gbọ́ wa dáadáa, ó ṣe àdúrà fún wa. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè níbi gbogbo: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé góòlù lẹ ń wá ni?" Ọ̀gá wa ní àpáàdì ni. Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àpáàdì kẹ̀? Ó kún ẹ̀yìnkùlé wa!" Òun náà ló wá di ẹni tó mọ ajọ̀ jọ̀ jù nínú àwọn tá a gbà síṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é, torí ọ̀pọ̀ rò pé à ń gbẹ́lẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ kànga ni. A ro igbó, a kan èèkàn, a na okùn, a gé ojú ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin mítà méjì níbùú lóròó. Ọkọ́ kì í débẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí àwọn bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri la fi ń fá a, díẹ̀díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Tí ìpele kan bá parí, a ó dúró, a ó wọ̀n ọ́n, a ó yà á, a ó kọ àwọ̀ ilẹ̀ náà sílẹ̀, a ó wá bọ́ sí èyí tó kàn. Gbogbo erùpẹ̀ tó jáde la ń jọ̀ nínú ajọ̀ onírin. Ohun tó bá kù nínú ajọ̀ á wọ inú láílọ́ọ̀nù pẹ̀lú ìwé pélébé tó ń sọ ibi tó ti wá. Àpáàdì tó bá ti pàdánù ìwé rẹ̀ kò wúlò mọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ó wà lókè ni àbí nísàlẹ̀, ohun tó sì wà nísàlẹ̀ ló máa ń ti kọ́kọ́ dé.

Ilé fúnra rẹ̀ ṣòroó rí. Ilẹ̀ pupa ni ògiri, ilẹ̀ pupa ló wó sí. Ojú ni wọ́n fi ń wá ibi tí ilẹ̀ ti le gbagidi nítorí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí àbàwọ́n róbótó dúdú níbi tí òpó jẹrà sí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé ààtàn, ẹ ó mọ̀. Ilẹ̀ á dúdú, á rọ̀, eérú á wà nínú rẹ̀, àpáàdì á máa jáde ní ẹ̀kúnwọ́. Ohun tí ọba bá fẹ́ kí ayé mọ̀, á ní kí akígbe ké e, kí onílù lù ú. Tálákà kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ sí wa, ohun tó jù nù nìkan ló kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́.

Màmá kan wà lábúlé náà tó ti mọ ìkòkò rí nígbà èwe rẹ̀. Ó máa ń gba ibi iṣẹ́ wa kọjá tó bá ń bọ̀ láti oko, á kí wa, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi," á jókòó sórí gbòǹgbò, á ní ká kó tòní wá kí òun rí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé àpáàdì kan lé e lọ́wọ́, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ihò mẹ́ta wà lára rẹ̀. Ohun tá a kọ sínú ìwé kò ju "àpáàdì oníhò" lọ. Màmá fi ọmọ ìka rẹ̀ gbá erùpẹ̀ kúrò nínú ihò kan. Ó yí i sódì, ó gbé etí àpáàdì náà sójú oòrùn, ó fi èékánná họ ara rẹ̀.

"Ajere ni. Ẹ wò ó, wọ́n lu ihò náà nígbà tí amọ̀ ṣì tútù ni, etí ihò tẹ̀ sínú. Ibo ló wà lára ìkòkò?"

Mo ní a kò tíì mọ̀, Mà.

"Ẹ wá ìyókù rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdí ló ti wá, eérú ni wọ́n ń sẹ́ nínú rẹ̀, fún ọṣẹ tàbí fún aró. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni, ẹja àti ẹran ni wọ́n ń yan nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ ọ́n kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ó fi ọwọ́ ra inú rẹ̀ dáadáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn yí ohun tá a fẹ́ wá lọ́jọ́ kejì padà. Ilé tó ń rẹ aró yàtọ̀ sí ilé tó ń yan ẹja, obìnrin tó wà níbẹ̀ yàtọ̀, ibi tó ń tajà sí yàtọ̀. A rí àjákù mìíràn lára ìkòkò kan náà nínú ìpele tó tẹ̀ lé e, ó tẹ̀ kòlòbà, ihò kò sì sí níbi tó ti ń tẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni. Ẹja tàbí ẹran. Inú mi dùn sí àjákù yẹn ju bí inú mi ì bá ṣe dùn sí ère idẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló wá gbà mí lọ́kàn jù. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ọnà ara àpáàdì ń yí padà. Lókè, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti yí ṣùkù àgbàdo lára rẹ̀ kó tó gbẹ, kó lè ní àmì jíṣíjíṣí. Bá a ṣe ń lọ sísàlẹ̀, àmì ṣùkù ń dínkù, títí ó fi kù sí okùn lílọ́ àti igi gbígbẹ́ nìkan. Ẹ ronú sí i: àgbàdo kò sí ní ilẹ̀ Áfíríkà kí àwọn Potogí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná òkun láàárín ibí àti Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1492. Ìkòkò tó ní àmì ṣùkù kò lè ṣáájú ìgbà náà. Ìkòkò tábà náà bẹ́ẹ̀. Torí náà, àmì kékeré lára ìkòkò ọbẹ̀ lè sọ fún wa bóyá ẹni tó fọ́ ọ ti gbọ́ nípa òyìnbó rí.

Wàyí o, ẹ yọ ohun tó ti Amẹ́ríkà wá kúrò nínú ilé ìdáná Ìjẹ̀bú, kẹ́ ẹ wo ohun tó kù. Ẹ̀gẹ́ ti Brazil wá, nítorí náà ẹni tó gbẹ́ Erédò kò mọ gàárì Ìjẹ̀bú. Gàárì! Ohun tí gbogbo Nàìjíríà fi mọ̀ wá, tó kíkan, tó wẹ́, tí à ń fi omi tútù mu pẹ̀lú ẹ̀pà. Ẹ̀pà náà kò sí. Ata rodo, ata wẹ́wẹ́, tòmátì, kò sí ọ̀kan. Ohun tó wà ni iṣu, epo pupa, ẹ̀gúsí, ìgbín, ẹran igbó, ẹja tó ti ọ̀sà wá lápá Ẹ̀pẹ́. Ohun tó ń ta lẹ́nu ni iyèré àti ataare. Tí mo bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tá a gbẹ́ náà lọ́sàn-án, tí mò ń jẹ ẹ̀bà, mo máa ń wo ilẹ̀ dúdú yẹn, mo máa ń rò ó pé ká ní wọ́n gbé abọ́ mi fún ẹni tó ni ajere, á bi mí pé kí nìyí.

Egungun ẹran ni mo fẹ́ rí tí n kò rí. Ásíìdì inú ilẹ̀ pupa wa máa ń jẹ egungun, òjò á sì parí èyí tó kù. Irin máa ń pẹ́ díẹ̀, á dípẹtà, á wú. Ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí tó máa ń kù tí wọ́n bá yọ́ irin, ní tirẹ̀ kì í kú. A rí i dáadáa, ó wúwo, ó dúdú, ó ní ihò wẹ́wẹ́ lára bí ìgbà tí nǹkan hó nínú rẹ̀ tó wá dì. Níbi tí ìdàrọ́ bá wà, alágbẹ̀dẹ ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi ò lè wo ọ̀wọ́ ìdàrọ́ kí n má ronú kan Erédò: kìlómítà 160 ilẹ̀ líle, ọkọ́ tó ń kú lójoojúmọ́, ẹni tó ń rọ òmíràn, àwọn tó ń gé igi sun èédú fún un. Àwọn tó wọn yàrà náà sọ pé níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti tètè yọ, wọn kì í gbẹ́ ẹ jìn, torí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ tó láti dá ọ̀tá dúró. Ẹni tó mọ ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló lè ronú bẹ́ẹ̀, èyíinì ni àgbẹ̀.

Ohun méjì mìíràn ni mo fẹ́ fi kún un. Àjákù ọlọ kan jáde, òkúta líle ni, tó ti jẹ nítorí lílọ̀. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ kò sí ní gúúsù Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ iyanrìn ló wà lọ́hùn-ún. Apá Ìjẹ̀bú-Igbó lókè ni òkúta ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan rù ú wá tàbí ó rà á. Èkejì ni amọ̀ róbótó tó ní ihò láàárín, irú èyí tó máa ń wà nídìí igi tí àwọn ìyá fi ń rànwú. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn oníṣòwò òyìnbó ń ra aṣọ Ìjẹ̀bú lọ tà ní etí òkun tó di Gánà lónìí. Àwọn ìwé wọn dárúkọ aṣọ, wọn kò dárúkọ ẹni tó ran òwú. Amọ̀ róbótó yẹn nìkan ni mo rí tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀.

Èédú la kó lọ fún àyẹ̀wò ọjọ́ orí. Igi tó wà láàyè ń gba kábọ́ọ̀nù láti inú afẹ́fẹ́, tó bá ti kú, ọ̀kan lára irú kábọ́ọ̀nù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, ìdajì rẹ̀ á lọ láàárín ọdún 5,730. Èèpo èkùrọ́ tó jóná ni ọ̀gá wa fẹ́ jù. Ìrókò lè ti pé igba ọdún kí wọ́n tó gé e, èédú inú rẹ̀ á wá sọ pé ilé náà dàgbà ju bó ṣe yẹ. Ẹyìn kì í lo ju sáà kan lọ lórí ọ̀pẹ. Bá a ṣe parí, a tẹ́ láílọ́ọ̀nù sí ìsàlẹ̀ kòtò, a fi owó onírin tòde òní sí i kí ẹni tó bá wá wa ibẹ̀ lọ́la lè mọ̀ pé àwọn kan ti débẹ̀, a sì da erùpẹ̀ padà.

Mo ń kọ gbogbo èyí nítorí katapílà. Èkó ń wú wá sí apá ọ̀dọ̀ wa, láti Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde dé Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ ń di póólọ̀tì. Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ pupa fún títì, típà ń kó o lálẹ́ lọ́sàn-án. Erédò gan-an, tí Nàìjíríà ti fi sí orúkọ àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO gbà sára ibi àjogúnbá gbogbo ayé láti 1995, wọ́n ti dá ọ̀nà gba àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n ti kọ́lé sínú rẹ̀ láwọn ibì kan. Ó máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ògiri tó ga tó mítà 20, ẹni tó fẹ́ wó o á rí i kó tó wó o, ẹnì kan á sì pariwo. Ta ló máa pariwo fún ààtàn? Katapílà lè gba orí rẹ̀ kọjá láàárọ̀ kan, kí dírẹ́bà máà mọ̀ pé òun rí nǹkan kan ju erùpẹ̀ dúdú lọ. Ẹgbẹ̀ta ọdún oúnjẹ, iṣẹ́ àti ìgbésí ayé àwọn èèyàn wa á sì wà lábẹ́ títì ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí ìdí títì. Mo bínú sí i, mi ò sì fẹ́ kí ìbínú náà rọlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilẹ̀ ìdílé ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Rẹ́mọ, ẹ lọ wo ó kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé. Ẹ bi àwọn àgbà tó kù níbẹ̀ pé ibo ni wọ́n ń pè ní ahoro. Tẹ́ ẹ bá rí pèrègún tó tò, ilẹ̀ dúdú tí àpáàdì kún, tàbí ìdàrọ́, ẹ má hú u, ẹ má sì gbé e lọ sílé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, ẹ fi bírò tì í kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó, ẹ kọ orúkọ oko náà àti odò tó sún mọ́ ọn sílẹ̀. Ẹ wá ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba tó bá sún mọ́ yín, tàbí sí ẹ̀ka ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹnì kan wá wò ó kí típà tó dé.